Ìkọ́ṣẹ́ ìlera lábẹ́ àmójútó ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ àmójútó ni apá ẹ̀kọ́ tí ẹni tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, tí ọ̀gá sì ń ṣọ́ ọ. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC Ọ̀wọ̀, ló tóbi jù. Yunifásítì Achievers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, àti Politẹ́kíníìkì Rufus Giwa wà nílùú Ọ̀wọ̀ kan náà.

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ṣẹ́ a máa yípo láti wọ́ọ̀dù kan dé òmíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka mìíràn ní SIWES, ètò ìrírí iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìkọ́ṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 1973, tí wọ́n mọ̀ sí I.T. Oṣù 4 ni ti politẹ́kíníìkì. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sínú ìwé, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń buwọ́ lù ú, olùkọ́ sì ń wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Ibà Lásà ló mú ìkọ́ṣẹ́ ìlera yàtọ̀ ní agbègbè yìí. Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ wà lára ibi tí àrùn náà ti ń jà jù ní Nàìjíríà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, FMC Ọ̀wọ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, ìbọ̀wọ́, ọwọ́ fífọ̀ àti ìṣọ́ra pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ ìlera ìgbèríko tún kan kíkọ́ ará ilé láti máa bo gaàrí kí eku tó ń tan ibà náà má baà dé ibẹ̀, àti ṣíṣọ́ àwọn tó fara kan aláìsàn fún ọjọ́ 21.