Àwòrán Èrò Ọ̀nà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Àwòrán èrò ọ̀nà ni fọ́tò tí a yà fún ẹni tó wà lójú ìrìn-àjò, tàbí èyí tí ayàwòrán yà fún ẹni tó bá pàdé níbi tí ìrìn-àjò gbé òun fúnra rẹ̀ dé. Ní Èkó, ibi tó gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jù ni Òṣòdì. Ilẹ̀ Àwórì ni Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ látilẹ̀wá. Nígbà tí ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó ní 1896 dé Ìbàdàn, tí wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹta ọdún 1901, Òṣòdì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni títì márosẹ̀ Apápá dé, tí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed tó wà nítòsí sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1979. Yorùbá máa ń pe arìnrìn-àjò ní èrò, wọ́n sì máa ń pe ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ní èrò. Lábẹ́ afárá Òṣòdì, kò sí ẹni tó lè ya ìtumọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀.

Iṣẹ́ ayàwòrán kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Yorùbá. Herzekiah Andrew Shanu, ọmọ tí wọ́n bí ní Ọ̀tà ní 1858, kúrò ní Èkó lọ sí Kóńgò ní 1884. Ní ìlú Boma níbẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ ìjọba, tó ṣòwò, tó sì ya àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní fọ́tò tí ìwé ìròyìn Bẹ́líjíọ̀mù kan tẹ̀ jáde. Ó kú ní 1905. Àpótí igi tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ayé ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá sì ń yà gbọ́dọ̀ dúró gbagidi. Ayàwòrán lè jẹ́ èrò ọ̀nà. Àwòrán rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó ń rìn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni sítúdíò ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí láàárín àwọn ayàwòrán Yorùbá, ní pàtàkì ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1978. Ó ṣàlàyé bí àgbàlagbà ṣe ń jókòó: ó wọ aṣọ ńlá, ó kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, kò rẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ sì hàn. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, ayàwòrán lè tẹ àwòrán ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà kí méjèèjì lè jókòó pọ̀. Àwòrán ipò ẹni ni èyí. Ẹni tó sì fẹ́ àwòrán ìrìn-àjò lè dúró níwájú aṣọ tí wọ́n ya bàálù sí, láì tíì kúrò ní àdúgbò rẹ̀.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni kámẹ́rà tó wọ àpò. Leica jáde fún títà ní Jámánì ní 1925. Ní 1932 ni wọ́n so ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìnnà, èyí tí wọ́n ń pè ní rangefinder, mọ́ lẹ́ńsì rẹ̀. Ayàwòrán tó bá wo inú ihò rẹ̀ yóò rí ojú ẹni náà ní méjì láàárín, bí òjìji tó yapa lára ẹni tó ni í. Yóò máa yí òrùka lẹ́ńsì títí méjèèjì yóò fi wọ ara wọn. Bí wọ́n bá ti di ọ̀kan, àwòrán yóò mọ́ kedere. Epson R-D1 ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí kò lo fíìmù, ní 2004. Leica M8 tẹ̀lé e ní 2006. Fujifilm X100, tó jáde ní 2011, jọ wọ́n lójú, ṣùgbọ́n kò ní rangefinder nínú.

Àwọn tó fẹ́ràn irú kámẹ́rà yìí máa ń yìn ín pé kò pariwo. Ká má purọ́, ìdákẹ́jẹ́ kò wúlò níbi tí kọ̀ńdọ́ ti ń ké pé kí èrò wọlé pẹ̀lú ṣéńjì. Èyí tó wúlò ni pé ihò ìwòran rẹ̀ wà ní igun òsì. Ayàwòrán tó bá fi ojú ọ̀tún wò ó lè la ojú òsì sílẹ̀, ẹni tí wọ́n ń yà á sì máa rí ojú ẹni tó ń yà á. Àléébù rẹ̀ ni pé yíyí òrùka máa ń pẹ́, bẹ́ẹ̀ èrò kì í dúró. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò fi máa ń ti lẹ́ńsì sí bíi mítà méjì ṣáájú, kí wọ́n tó sún mọ́ ènìyàn.

Sísúnmọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Fún ìgbà pípẹ́, láti òkè ni àlejò ti ń wo Òṣòdì. Rem Koolhaas, ayàwòrán-ilé ará Netherlands, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard ṣèwádìí Èkó láti ìparí àwọn ọdún 1990, ọjà orí ojú irin Òṣòdì sì wà lára ohun tí wọ́n tẹnu mọ́. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, agboorùn àti òrùlé ọkọ̀ pọ̀ ju ojú ènìyàn lọ. Fíìmù tí Bregtje van der Haak ṣe lórí iṣẹ́ náà di àwo *Lagos Wide & Close* ní 2005, tó jẹ́ kí òǹwòran yan ìwòran òkèèrè tàbí ti ìtòsí.

Àwọn ọmọ ilé ti yan ìtòsí. Ní Ìsọlọ̀, ní Rutam House, ni ìwé ìròyìn *The Guardian* ti bẹ̀rẹ̀ ní 1983, Sunmi Smart-Cole sì ni olóòtú fọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́. Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946, máa ń fi ẹsẹ̀ rin Èkó pẹ̀lú Rolleiflex tó gbé kọ́rùn, kámẹ́rà tí ènìyàn ń tẹrí ba wò. Logo Oluwamuyiwa bẹ̀rẹ̀ *Monochrome Lagos* ní 2013, dúdú àti funfun nìkan. Ní 2009, Emeka Okereke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Bamako, wọ́n ń ya fọ́tò lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Invisible Borders ti bẹ̀rẹ̀.

Kámẹ́rà kékeré kò mú ìyọ̀ǹda kúrò. Ìkíni ló ń ṣáájú, ìbéèrè tẹ̀lé e, ẹni tí wọ́n yà á sì ní kí wọ́n jẹ́ kóun rí i. Ojú dígí tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà tí kò lo fíìmù ló dá ẹ̀tọ́ yìí padà fún èrò ọ̀nà, bí ó ti rí nígbà tí àwọn ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní wait-and-get ń fún oníbàárà ní fọ́tò lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tuntun yìí kan náà ló pa fíìmù, tí ọ̀pọ̀ sítúdíò Èkó fi ń da nẹ́gátíìfù wọn nù. Láti 2015 ni Karl Ohiri àti Riikka Kassinen ti ń kó èyí tó kù jọ sínú Lagos Studio Archives.

Ní oṣù kìíní 2009, ìjọba Èkó kó ọjà kúrò lórí ojú irin Òṣòdì. Ní oṣù kìíní 2016, wọ́n wó ọjà Òwónifáàrí tó wà ní Òṣòdì. Ibùdókọ̀ alápá mẹ́ta tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ṣí ní oṣù kẹrin 2019. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú àwọn tó ń tajà láàárín irin méjì, inú fọ́tò nìkan ló kù.