Intercooler Wo Ló Yẹ Ọkọ̀ Tọ́bò Tó Ti Pẹ́?

Tọ́bò máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú ẹ́ńjìnì, afẹ́fẹ́ ọ̀hún á sì gbóná. Iṣẹ́ intercooler ni láti mú un tutù. Kékeré ni ti Golf 4 1.8T, ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú ló wà. Nínú ooru Kánò tó ń lé ní 40°C lóṣù kẹrin, apá rẹ̀ kì í ká a. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á dín agbára kù kí ẹ́ńjìnì má baà bàjẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kọ́kọ́ yẹ rọ́bà afẹ́fẹ́ wò. Tó bá ń jò, owó tẹ́ ẹ fi ra tuntun ti wọmi. Èyí tó ń jókòó síwájú ọkọ̀ ló ń rí atẹ́gùn jù. Àmọ́ tó bá ti tóbi jù, ó lè dí rédíétọ̀ lọ́nà, tọ́bò á sì máa pẹ́ kó tó gbéra. Ẹ wọn àyè rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.