Láti Ìwó Road sí Nàìróbì: Ọ̀nà Ẹni Tó Fẹ́ Wo Ẹ̀ńjìnnì Reluwé

Ní Ìwó Road, ohùn àwọn àgbérò kì í sinmi. Èkó, Ifẹ̀, Òṣogbo, Ìlọrin: ibi gbogbo ni mọ́tò ń gbé èrò lọ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú irin kò gba oríta náà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ rí i yóò lọ sí Dùgbẹ̀, ibùdókọ̀ reluwé àtijọ́ tí wọ́n ṣí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn dé ní oṣù kẹta ọdún 1901, tàbí kí ó gba Òjóò lọ sí Mọ́níyà, níbi tí wọ́n ti fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ibùdókọ̀ tuntun tí reluwé ìgbàlódé ń ná láti ọdún 2021.

Àwọn òyìnbó kan wà tí wọ́n ń rìnrìn-àjò nítorí àtirí ẹ̀ńjìnnì reluwé lásán. Ní ọdún 1942, Ian Allan, akọ̀wé reluwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé pélébé kan tí nọ́ńbà àwọn ẹ̀ńjìnnì wà nínú rẹ̀. Tọmọdé tàgbà wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí ibùdókọ̀, wọ́n ń fàlà sí nídìí nọ́ńbà èyíkéyìí tí ojú wọn bá tó. Ọmọ Ìbàdàn tó bá ní irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lè máa ro York tàbí London. Nàìróbì ló yẹ kí ó kọ́kọ́ rò.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, reluwé Nàìjíríà gba irú ẹ̀ńjìnnì kan tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ méjìlá ló ní: méjì níwájú, mẹ́jọ láàárín, méjì lẹ́yìn. Orúkọ odò ni wọ́n fún wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìran wọn ní River. Nígbà tí reluwé Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ń wá ẹ̀ńjìnnì tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, River yìí ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe, tí wọ́n sì rọ tiwọn ní Glasgow. Àyípadà tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Àlàfo àárín irin méjèèjì ní Nàìjíríà jẹ́ mìlímítà 1,067. Tiwọn jẹ́ 1,000. Èédú Enúgu ni ti Nàìjíríà ń jẹ, epo ni tiwọn ń mu. Dípò odò, orúkọ ẹ̀yà ni wọ́n sọ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, nọ́ńbà 2921 tí à ń pè ní Masai of Kenya, wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé reluwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìróbì ní 1971. Àbúrò River ni, ẹni tó bá rí i ti rí ojú ẹ̀gbọ́n.

Ìtàn ìlú méjèèjì náà jọra lọ́nà kan. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Mombasa. Nígbà tí ti Mombasa dé ibi àbàtà kan ní 1899, kò sí ìlú níbẹ̀. Ibùdó òṣìṣẹ́ reluwé ló di Nàìróbì. Ìbàdàn ní tirẹ̀ ti di ìlú ńlá, ó ti jagun, ó ti ṣẹ́gun, kí reluwé tó bá a. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí Nàìróbì máa tọ́jú irin àtijọ́ bí ẹni tọ́jú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó láti dá ẹni tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìpẹtà láre.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ kò gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò Èkó ní Ìwó Road. Kí ó gba Mọ́níyà, kí ó wọ reluwé kìlómítà 157 náà dé Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ilé Jaekel wà níbẹ̀, ilé àtijọ́ tí ẹgbẹ́ Legacy tún ṣe tí wọ́n sì kó àwọn nǹkan reluwé sí. Jaekel tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ ló kọ ìtàn reluwé Nàìjíríà ní ìdìpọ̀ mẹ́ta. Kí ó wò ó kí ó tó wọ bàlúù, kí ó sì ti gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú ní ilé ìwòsàn, kì í ṣe káàdì ọwọ́ àwọn agbódegbà.

Bí ó bá dé Nàìróbì, kí ó má ṣe sáré lọ sí Syokimau. Reluwé Mombasa tó ń gbéra níbẹ̀ láti 2017, àwọn ará Ṣáínà ló kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ti Mọ́níyà. Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ àtijọ́ láàárín ìlú ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà. Mount Gelai, nọ́ńbà 5918, tó wúwo tó bí tọ́ọ̀nù 250, ni yóò kọ́kọ́ fa ojú rẹ̀. Kí ó wò ó tẹ́rùn, kí ó wá lọ bá 2921, kí ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀ pé méjìlá, kí ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.