Ilé Amọ̀ àti Orí Ifẹ̀: Ọjọ́ Kan ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Jos

Bí a bá dárúkọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ohun tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni yàrá tútù kan, àpótí onígíláàsì, àti ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ère. Ti Jos kò mọ síbẹ̀. Gbọ̀ngàn ère wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìta ló pọ̀ jù. Àgbàlá ìkòkò wà, ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ wà, ọgbà ẹranko wà nítòsí, pápá ńlá kan sì wà tó jẹ́ pé odindi ilé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ fún ènìyàn láti wò. Odi ìlú Kano, mọ́ṣáláṣí Zaria, ààfin Katsina: ẹ̀dà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ wọnú rẹ̀. Àárọ̀ la wọlé, ìrọ̀lẹ́ la jáde, a kò sì tíì rí gbogbo rẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bó ṣe débẹ̀. Tin ló fà á. Àwọn awakùsà tó ń wá tin ní agbègbè yìí ni wọ́n hú ère amọ̀ jáde ní abúlé Nok ní 1928. Nígbà tó di 1943, wọ́n tún rí orí kan nítòsí Jemaa. Ọkùnrin kan gbé e lọ sí oko iṣu rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ kó máa bá òun lé ẹyẹ. Bí ọdún kan ni orí náà fi ṣọ́ oko kó tó dé ọ̀dọ̀ Bernard Fagg, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwalẹ̀-pìtàn. Orí yẹn ti ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ. (A rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ oko iṣu yìí, àmọ́ ẹ rò ó wò: ó kéré tán, àgbẹ̀ náà rí iṣẹ́ fún un. Orí mélòó ni awakùsà ti fi ṣọ́bìrì fọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bìkítà?) Fagg bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ, ní 1952 wọ́n sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos. Ti Èsìẹ́, tí wọ́n kọ́ torí àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀, ló ṣáájú rẹ̀ ní 1945.

Ohun tó kan àwa tí a ń kọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n nínú ìtàn ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí a rí. Ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ni. Ní January 1987, olè wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí, wọ́n sì kó ohun iyebíye mẹ́sàn-án lọ. Orí Ifẹ̀ kan tí wọ́n fi idẹ ṣe wà lára wọn. Ogún ọdún kọjá. Ní 2007, ọlọ́jà ohun àtijọ́ kan tó ń gbé London ra orí kan ní gbàǹjo ní ilẹ̀ Belgium, ní owó tí kò tó nǹkan. Orí Ifẹ̀ tí wọ́n jí ní Jos ni. Ní 2017, ọlọ́pàá London gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó ni ín.

A kì í sábà gbọ́ ìtàn yìí ní kíláàsì. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ère tí wọ́n jí ní ilẹ̀ wa, Benin àti 1897 ló máa ń kún ẹnu, ìyẹn sì tọ́. Àmọ́ kò sí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kankan ní Jos ní 1987. Nàìjíríà ti gba òmìnira fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà.

Lẹ́yìn ìtàn yẹn la jáde sí pápá àwọn ilé, a sì ń wò wọ́n pẹ̀lú ojú mìíràn. Kò sẹ́ni tó lè gbé odi Kano sínú àpò lọ sí gbàǹjo. Olè tirẹ̀ ni òjò.

Ọ̀gbẹ́ni Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán ilé kan láti Poland, ló wà nídìí iṣẹ́ ibẹ̀. Ó rìn káàkiri Nàìjíríà, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, wọ́n ń fi okùn wọn ilé, wọ́n ń ya ògiri, òpó, òrùlé àti ojú ọ̀nà sórí ìwé. Ó kú ní 1982. Ìwé rẹ̀ lórí ilé ìbílẹ̀ Nàìjíríà, apá mẹ́ta gbáko, kò jáde títí di 1990. Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù wà nínú apá kejì, ààfin Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i ní láíbìrì kankan, kó jókòó tì í.

Ẹ wo mọ́ṣáláṣí Zaria. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Mikhaila, tí wọ́n ń pè ní Babban Gwani, ọ̀gá àwọn mọlémọlé, kọ́ ojúlówó rẹ̀. Amọ̀ ló fi kọ́ ọ, síbẹ̀ òrùlé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè láti òpó dé òpó. Àṣírí ibẹ̀ ni igi tí àwọn Hausa ń pè ní azara, tí wọ́n là lára ọ̀pẹ giginya. Ikán kì í rí i jẹ. Wọ́n tò ó sínú amọ̀, ọ̀kan yọrí ju èkejì lọ díẹ̀díẹ̀, títí apá ọ̀tún àti apá òsì fi pàdé lókè. Lónìí mọ́ṣáláṣí ìgbàlódé ló wà lójú ibẹ̀ ní Zaria. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ti Mikhaila ṣe rí látòkè délẹ̀, ẹ̀dà tó wà ní Jos ni yóò lọ wò.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan ní ayédèrú ni: kò sẹ́ni tó kírun nínú rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ló wá sọ ọ́ di ìtàn? Àwọn yòókù ní ilé amọ̀ kì í ṣe ère idẹ. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un rẹ́ lẹ́yìn òjò. Ògiri tí baba ńlá ẹnì kan kọ́ lè má ní ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ àkọ́kọ́ kankan lára mọ́, síbẹ̀ ilé baba ńlá rẹ̀ náà ni. Ẹ̀yìn àwọn kejì yìí la wà. Ohun tó ń pẹ́ nínú ilé amọ̀ ni ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un kọ́. Bí ọwọ́ yẹn bá kú, ẹ̀dà àti ojúlówó yóò jọ wó ni.

Ọ̀rọ̀ náà wá yí padà sọ́dọ̀ wa. Àwa náà ní ilé amọ̀, tiwa sì yàtọ̀ sí ti Òkè Ọya. Òjò wa pọ̀, nítorí náà òrùlé wa máa ń dàgẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀rẹ̀ tàbí ewé gbòdògì ni wọ́n fi ń bò ó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká, yàrá wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi òjò sì ń dà sáàárín agbo ilé. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ: wọ́n á fi ẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á dúró kó gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Ààfin ọba ní kọ̀bì tirẹ̀. Inú ìwé ni ọ̀pọ̀ wa ti pàdé kọ̀bì àti àkòdì, kì í ṣe ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni. Páànù àti búlọ́ọ̀kù ti gba ibẹ̀, a kò sì bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Kò sí ẹni tó fẹ́ máa wá bẹ́ẹ̀rẹ̀ kiri ní ọdọọdún. Ṣùgbọ́n orúkọ ń bá ilé lọ. Àwòrán inú ìwé lè sọ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe fẹ̀ tó fún wa, kò lè sọ ohun tí ìyá àgbà ń pe amọ̀ tó ti pọ̀ dáadáa àti èyí tí kò tíì pọ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ ìsinmi wa ti délẹ̀. Kálukú yóò bi àwọn àgbà ilé rẹ̀, yóò sì kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀ka èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, Ìjẹ̀bú ní Ìjẹ̀bú, Èkìtì ní Èkìtì. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ńkọ́? Bí ẹnì kan bá ṣẹ́ kù nílé yín tó ti fi ẹsẹ̀ po amọ̀ ilé rí, ẹ bá wa bi wọ́n: kí ni orúkọ ìpele àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀, kí ni orúkọ èyí tí òrùlé jókòó lé, kí sì ni wọ́n fi ń rẹ́ ilẹ̀ yàrá kó lè máa dán?