Aró Ìmọ́lẹ̀ àti Awọ Sẹ́ẹ̀lì Ẹ̀jẹ̀ Funfun

Aró ìmọ́lẹ̀ ni èròjà tó ń gba irú ìmọ́lẹ̀ kan sára, tó sì ń tan òmíràn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ padà. George Stokes ló sọ ìtànṣán yìí lórúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, ní 1852. Tí irú aró bẹ́ẹ̀ bá kan sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, awọ sẹ́ẹ̀lì ló ń pinnu ibi tó máa dé. Ọ̀rá ìpele méjì tó fẹ́lẹ́ gan-an ni awọ náà.

Aró DiI ní ìrù gígùn méjì tó fẹ́ràn ọ̀rá. Inú awọ ló ń ki ìrù náà bọ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn nínú omi. Ìgbà tó bá wọnú ọ̀rá ló ń tàn yòò. CFDA-SE ní tirẹ̀ ń la awọ kọjá láìtàn rárá. Ẹ́ńsáìmù inú sẹ́ẹ̀lì á gé díẹ̀ lára rẹ̀, á wá di aró tó ń tàn ní àwọ̀ ewé, tó sì há síbẹ̀. Aláró Abẹ́òkúta mọ ohun tó jọ èyí: aṣọ kì í tíì dúdú nígbà tó bá jáde nínú ìkòkò aró, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di dúdú, àwọ̀ náà á sì dì mọ́ òwú.

Propidium iodide kì í wọ sẹ́ẹ̀lì tí awọ rẹ̀ pé. Tí awọ bá ti ya, á wọlé lọ bá DNA, á sì tàn pupa. Ẹni tó ń ra páàtì mọ́tò ní Abossey Okai, ọjà páàtì tó lókìkí ní Accra, á tètè lóye èyí, torí aró ìmọ́lẹ̀ ni àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ ṣe náà fi ń wá ibi tó ń jò.

Korle Bu, ilé ìwòsàn tó ti wà láti 1923, kò jìnnà sí ọjà yìí. Níbẹ̀, àti ní ilé ìwádìí Noguchi ní Legon, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, àmì CD4 tó wà lára awọ irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan ni wọ́n ń fi aró wá. Èròjà agbóguntàrùn ló ń gbé aró náà lọ lẹ̀ mọ́ ọn, ọgbọ́n tí Albert Coons gbé jáde ní 1941. Sẹ́ẹ̀lì á máa kọjá níwájú léésà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á sì máa kà á. Tí iye sẹ́ẹ̀lì CD4 ẹni tó ní kòkòrò HIV kò bá tó 200 nínú mìlímítà kúbíìkì ẹ̀jẹ̀ kan, ewu ńlá ti dé. Láti 2015, àjọ ìlera àgbáyé ti ní kí gbogbo ẹni tó ní kòkòrò náà bẹ̀rẹ̀ oògùn, iye yòówù kí CD4 rẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀ kíkà yìí ṣì ṣe pàtàkì púpọ̀, torí òun ló ń fi ẹni tó nílò ìtọ́jú kíákíá hàn.

Ooru ń ba awọ jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú sì máa ń gba aró tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ra, á sì da kíkà rú. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ.