Ihò Àgbọ̀n àti Egungun Ìbàdí

  Ẹni tí wọ́n bá yọ àpò omi kúrò nínú egungun àgbọ̀n rẹ̀ máa ń fẹ́ mọ ohun tí wọn yóò fi dí ihò náà. Ìtàn iṣẹ́ abẹ yìí fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tó bá dì síbẹ̀ tó, lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 1892, Carl Partsch ará Jámánì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè ṣí àpò náà sínú ẹnu kó máa súnkì díẹ̀díẹ̀. Ní 1910, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè yọ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì rán ojú rẹ̀ pa. Ọ̀nà méjèèjì kò nílò egungun láti fi dí ihò. Ogun 1914 sí 1918 ló sọ egungun ìbàdí di ohun èlò àgbọ̀n, nítorí ọta ìbọn gé àgbọ̀n ọmọ ogun já, afárá ni wọ́n sì ń wá. Àgbọ̀n tó já yàtọ̀ sí ihò tí ògiri rẹ̀ ṣì dúró.

Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, méjèèjì dàpọ̀. Akinosi àti Williams kọ̀wé ní 1969 lórí ameloblastoma n'Íbàdàn, kókó tó ń wú àgbọ̀n bí àpò omi, tí wọ́n sì sábà máa ń gé egungun kúrò nítorí rẹ̀. Ìyẹn nílò àlẹ̀mọ́: egungun tí wọ́n mú wá láti ibòmíràn lára, bí ìbàdí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni èrò pé iṣẹ́ abẹ láìsí àlẹ̀mọ́ kò pé ti wọlé.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ inú ihò ńlá máa ń jẹrà. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀nà Partsch ti 1892 wà fún irú rẹ̀, Chiapasco àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì sì fi àwòrán ẹ́síréè hàn ní 2000 pé egungun hù padà fúnra rẹ̀ lára ènìyàn 27 tí àpò wọn tóbi. Àtakò tó le jù ni pé ọ̀pọ̀ aláìsàn Èkó kì í padà wá fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n àlẹ̀mọ́ kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àyẹ̀wò: àwọn àpò kan máa ń padà wá, egungun tí wọ́n kì síbẹ̀ sì lè bò wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ẹ́síréè. Aláìsàn tún gbé ọgbẹ́ kejì, ti ìbàdí, àti owó rẹ̀. Bí ògiri ihò bá ti wó, mo gbà kí wọ́n mú egungun láti ìbàdí.