Level shifter nínú ínfátà ilé l'Ábùjá

Level shifter ni sákíìtì kékeré tó ń gba àmì láti ẹ̀gbẹ́ tí fóltéèjì ti kéré, tó sì ń fà á lé ẹ̀gbẹ́ tí fóltéèjì ti pọ̀ lọ́wọ́, tàbí láti òkè wá sísàlẹ̀, láìjẹ́ kí àṣẹ inú àmì náà yí padà. Chip tó ń darí ẹ̀rọ sábà máa ń sọ̀rọ̀ ní fólìtì 3.3 tàbí 5. Ohun tó ń pàṣẹ fún lè wà lórí fólìtì 48 tàbí 400. L'Ábùjá, inú ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ará ilé. Ìdí tí wọ́n fi ń wá a kò jìnnà. Ní oṣù kẹrin 2024 ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn oníbàárà tí iná wọn yẹ kó máa pẹ́ jù, láti náírà 68 sí 225 fún kilowatt-wákàtí kan, gíríìdì orílẹ̀-èdè sì wó lulẹ̀ léraléra lọ́dún náà. Ilé Ààrẹ gan-an ní náírà bílíọ̀nù 10 fún iná oòrùn nínú ìṣúná 2025.

Ínfátà kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi chip SG3524 kọ́ fún iṣẹ́ àṣekágbá kò nílò level shifter. Bátìrì fólìtì 12 ló ń lò. Ẹsẹ̀ source àwọn MOSFET rẹ̀ (àwọn swíìṣì tó ń tan iná tó sì ń pa á), tó sábà máa ń jẹ́ IRF3205, jókòó sórí ground, tìránsífọ́mà tí wọ́n fa wáyà jáde láàárín rẹ̀ ló sì ń sọ 12 di 230. Ètò yìí dé òpin agbára rẹ̀ nígbà tí fóltéèjì bátìrì bá pọ̀ sí i. MOSFET tí kò tan lọ́wọ́ níbẹ̀ máa ń rí ìlọ́po méjì fóltéèjì bátìrì: 24 bí bátìrì bá jẹ́ 12, 48 bó bá jẹ́ 24; IRF3205 kò sì gbà ju 55 lọ. Bí onílé bá wá so bátìrì mẹ́rin pọ̀ di fólìtì 48 kí ó lè gbé fíríìjì àti ẹ̀rọ omi, MOSFET á rí 96. Èèyàn lè ra èyí tó gba fóltéèjì jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ irú rẹ̀ sábà máa ń dènà iná jù, ó sì ń gbóná. H-bridge, ìyẹn MOSFET mẹ́rin tí wọ́n tò bíi lẹ́tà H, ló yanjú rẹ̀: kò sí MOSFET tó ń rí ju fóltéèjì bátìrì lọ, ṣùgbọ́n méjì nínú mẹ́rin ti kúrò lórí ground. Bátìrì tó tóbi ló fi dandan mú level shifter wọ inú ínfátà. Kì í ṣe àfikún tí olùṣe ẹ̀rọ fi ṣe ẹ̀ṣọ́.

MOSFET òkè kò mọ ground. Bí gate, ẹsẹ̀ tó ń gba àṣẹ, ṣe ga ju source tirẹ̀ lọ ló ń wò, fólìtì 10 sí 15 ló sì fẹ́. Nígbà tó bá tan, source yóò gòkè dé 48, gate sì gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 60, bí ọmọ tí bàbá gbé kọ́ èjìká ṣe máa ń ga ju bàbá lọ níbikíbi tí wọ́n bá gùn dé. Chip IR2110, ti iléeṣẹ́ International Rectifier tí Infineon rà ní 2015, wà fún irú iṣẹ́ yìí, ó sì lè gbà tó fólìtì 500. Kì í fi àmì sílẹ̀ kó máa ṣàn lọ sókè. Ìtanná kúkúrú kan ló ń rán láti tan MOSFET, òmíràn láti pa á, nítorí bí iná bá ń ṣàn láìdúró lábẹ́ fóltéèjì ńlá, chip náà á sè. Kàpásítọ̀ bootstrap ló ń bọ́ apá òkè, ìgbà tí MOSFET ìsàlẹ̀ bá tan nìkan ló sì ń rí iná gbà. Ibí ni ìṣirò ti ṣe pàtàkì. Bí ẹ̀gbẹ́ kan H-bridge bá ń yí ní 50 Hz, MOSFET òkè á wà ní títàn fún mílísẹ́kọ́ńdì 10. Apá òkè IR2110 lè fa tó 230 µA, èyí jẹ́ 2.3 µC láàárín àkókò náà. Kàpásítọ̀ 0.1 µF kò lè gbé e, gbogbo ohun tó ní á tán. 10 µF kò ní pàdánù ju nǹkan bíi fólìtì 0.23 lọ. Dáyóòdù tó ń gbé iná wọ inú kàpásítọ̀ náà gbọ́dọ̀ yára: UF4007, kì í ṣe 1N4007 tó kún ọjà. Ẹsẹ̀ VDD, tó ń bọ́ apá tó ń ka àmì nínú IR2110, sì ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí wọ́n bá so ó mọ́ fólìtì 15, chip náà kò ní ka ohunkóhun tí kò tó 9.5 sí àṣẹ, fólìtì 5 láti ọ̀dọ̀ chip olùdarí á sì já sófo. Fólìtì 5 ló yẹ kí VDD wà.

Ní ẹ̀gbẹ́ tí fóltéèjì méjèèjì ti kéré, ọ̀rọ̀ kò gùn. Chip olùdarí ATmega328P tó ń lo fólìtì 5 fẹ́ 3.0 kó tó gbà pé àmì wà lókè. SIM800L, tó ń fi SMS sọ bí bátìrì ṣe kù, ń sọ̀rọ̀ ní 2.8. Bí wọ́n bá so méjèèjì pọ̀ tààrà, ó lè ṣiṣẹ́ lórí tábìlì lónìí kó kọ̀ lọ́la. MOSFET kékeré kan àti rẹ́sístọ̀ méjì lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, bí Herman Schutte ti Philips ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ní 1997, á gbé àmì lọ á sì gbé e bọ̀.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ kò tíì fẹnu kò lé lórí ni bóyá bootstrap tó fún ínfátà ńlá, tàbí kí a lo optocoupler bíi TLP250, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àmì kọjá. Àwọn tó kọ bootstrap ní IR2110 ń kú nígbà tí ẹsẹ̀ VS rẹ̀, tó so mọ́ source MOSFET òkè, bá já sísàlẹ̀ ground lójijì. Àwọn tó gbè é ní wáyà gígùn ló jẹ̀bi. Ìṣirò dà bí ẹni pé ó gbe àwọn ìkejì dé ìwọ̀n kan: bí ampia 50 bá dáwọ́ dúró láàárín nánósẹ́kọ́ńdì 50 nínú wáyà tó tó 20 nH, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì péré, fólìtì 20 ló máa fò jáde. Ṣùgbọ́n wáyà kò ṣeé gé kúrú títí láé, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí optocoupler bọ́gbọ́n mu níbi tí ampia bá ti pọ̀ gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń béèrè orísun iná tirẹ̀ lókè, tí owó sì ń pọ̀ sí i.

Àwọn kan á ní ínfátà tó ń dé láti Ṣáínà lónìí ti pé nínú páálí, kí ni a ń ṣí i fún? Àmọ́ ooru Ábùjá máa ń kọjá ìwọ̀n Celsius 35 lóṣù kẹta, kàpásítọ̀ olómi sì máa ń pàdánù bí ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i. Bí kàpásítọ̀ bootstrap bá ti gbẹ, MOSFET òkè kò ní tan tán, á sì jó, onílé á rò pé MOSFET ló burú. Kí atúnnáṣe tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kó kọ́kọ́ wọn fóltéèjì tó wà láàárín VB àti VS, ẹsẹ̀ méjì tí kàpásítọ̀ náà so mọ́, nígbà tí bridge ń yí. Bí kò bá tó fólìtì 10, kó má tíì ra MOSFET.